Ṣé Owó Róòmù Ni? Bí A Ṣe Ń Dá Owó Fàdákà Àtijọ́ Mọ̀

Àwọn àgbà tí wọ́n ti ń náwó ṣáájú ọdún 1973 kò lè gbàgbé ọ̀nínì, epìnnì, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni náírà àti kọ́bọ̀ òde òní gba ipò wọn. Owó àtijọ́ kúrò lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kúrò nílé. Ó wà nínú àpótí, ó wà nínú ìkòkò tí a rì mọ́ ẹsẹ̀ ògiri, ó sì wà nínú àpò awọ tí ìyá àgbà tọ́jú sí abẹ́ ibùsùn, tí kò sí ọmọ tí ó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí onítọ̀hún bá papò dà ni a ń tú u wò, ìgbà náà sì ni àríyànjiyàn ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ń gbé ní Garki, ní Abuja, ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìyá bàbá rẹ̀ kú ní Ìlọrin. Ìyá náà, gẹ́gẹ́ bí ìyá tirẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ti ta aṣọ òkè dé Bídà àti Kánò. Nígbà tí wọ́n pín ogún, owó onírin mẹ́sàn-án tí a dì sínú àkísà ni ó kan ọmọ-ọmọ yìí. Ọ̀kan tóbi, ó nípọn, orí obìnrin kan sì wà lára rẹ̀. Mẹ́rin jẹ́ ṣílè, ọ̀kan jẹ́ owó ṣílè méjì, gbogbo wọn sì ti dúdú. Ọ̀kan tún jẹ́ ṣílè, ṣùgbọ́n ó pọ́n bí idẹ. Ìyókù ni tọ́rọ́ funfun kan àti ṣílè kan tí orí Ọbabìnrin Elizabeth wà lára rẹ̀, tí ó ń dán gbinrin.

Ó kó wọn padà sí Abuja. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní oníṣòwò ohun àtijọ́ fi gbọ́. Ó yẹ èyí tí ó tóbi wò, ó fi ìka tọ́ka sí àwọn lẹ́tà tí ó yí orí obìnrin náà ká, ó ní, “Ẹ wò ó, ọ̀gá, R. IMP. nìyí. Owó àwọn Késárì Róòmù ni. Mílíọ̀nù mílíọ̀nù náírà ni àwọn òyìnbó ń rà á.” Ṣùgbọ́n kí òun tó lè bá ọ̀gá wá oníbàárà, ọ̀gá ní láti kọ́kọ́ san owó ìwé-ẹ̀rí. Ní ti àwọn ìyókù, ó ní òun lè kó wọn ní iye táṣẹ́rẹ́, nítorí pé owó òyìnbó lásán ni wọ́n.

Lẹ́tà tí ó tọ́ka sí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bí ó ṣe túmọ̀ rẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Obìnrin tí orí rẹ̀ wà lára owó náà ni Maria Theresa, tí ó jọba ní Austria ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Èdè Látìnì ni wọ́n fi kọ oyè rẹ̀, ara oyè náà sì ni pé ó jẹ́ ọbabìnrin àwọn ará Róòmù, nítorí pé àwọn ọba ńlá ilẹ̀ Jámánì ìgbà náà ka ara wọn sí àrólé Késárì. Ohun tí R. IMP. dúró fún nìyẹn. Ìjọba Róòmù àtijọ́ ti ìhà ìwọ̀-oòrùn sì ti fọ́ ní ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí a tó bí i.

Ẹ̀yìn owó náà ni ẹ̀rí tí ó dájú jù wà: wọ́n kọ 1780 síbẹ̀. Kò sí owó Róòmù àtijọ́ kan tí a kọ irú ọdún bẹ́ẹ̀ sí lára. Nǹkan bí ọdún 525 ni ẹni ìjọ kan tí ń jẹ́ Dionysius Exiguus ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ̀nà kíka ọdún láti ìgbà ìbí Jésù kalẹ̀. Báwo ni ẹni tí ń rọ owó fún Késárì ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ẹni tí ó bá mọ èyí nìkan ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì àwọn oníjìbìtì.

Síbẹ̀, 1780 náà ń tan ènìyàn jẹ. Ọdún náà ni Maria Theresa kú, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Lárúbáwá àti ti Áfíríkà ti mọ ojú owó rẹ̀, wọn kò sì fẹ́ gba òmíràn. Nítorí náà ni Austria ṣe ń rọ ọ́ lọ láìyí ọdún rẹ̀ padà. Ní 1935, Mussolini tí ó ń gbógun lọ sí Etiópíà gba àtẹ̀ owó náà lọ́wọ́ Austria. Láìpẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rọ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Páríìsì àti ní Brussels. Bombay àti Birmingham tẹ̀ lé wọn. Gbogbo wọn ni ó ń kọ 1780. Àwọn ará Vienna ṣì ń rọ ọ́ títí di òní olónìí. Nítorí náà, owó tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ọgọ́rin ọdún lè gbé ọdún tí ó ti lé ní igba sára, àwọn àmì wẹ́wẹ́ tí ojú amòye nìkan ń rí ni a sì fi ń ya àgbà kúrò lára ọmọdé.

Kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì, wà ní Kánò ní 1851, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé 2,500 owó ẹyọ ni wọ́n ń fi pààrọ̀ dọ́là kan, àti ti Austria àti ti Sípéènì. Àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà a sì máa yọ́ ọ fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ àti òrùka. Bí ó ṣe dé inú àpò oníṣòwò aṣọ òkè ní Ìlọrin kò ṣòro láti rò.

Èyí tí ó bá jẹ́ ojúlówó yóò wọn gíráàmù 28, fífẹ̀ rẹ̀ yóò sì tó nǹkan bí mìlímítà 40. Bí a bá pín in sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, 833 ni fàdákà. Bàbà ni ìyókù. Fàdákà tí ó wà nínú rẹ̀ lé díẹ̀ ní gíráàmù 23, èyí sì jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin áúńsì tí àwọn oníwúrà ń lò, tí í ṣe gíráàmù 31 ó lé díẹ̀. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Látìnì yí etí rẹ̀ ká. Bí etí náà bá dán bọ̀rọ́, tàbí tí ìlà ìsopọ̀ kan bá gba àárín rẹ̀ kọjá, ńṣe ni ẹnì kan dà á bí ẹni da òjé.

Báwo wá ni owó Róòmù gidi ṣe rí? Èyí tí ó lókìkí jù nínú ti fàdákà ni denarius. Nǹkan bí ọdún 211 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rọ ọ́. Kò tóbi, fífẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti sísì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó nípọn jù ú lọ. Àwọn tí wọ́n kọ́ ìṣirò ní ìgbà pọ́n-ùn àti ṣílè ti kọ orúkọ rẹ̀ láìmọye ìgbà láìmọ̀, nítorí pé lẹ́tà d tí wọ́n ń fi sí 3d fún tọ́rọ́ àti 6d fún sísì, denarius ni ó dúró fún. Owó orí tí wọ́n fi han Jésù, tí ó fi béèrè pé àwòrán ta ni ó wà lára rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ denarius Késárì Tiberius.

Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan lọ́wọ́ yóò rí orí Késárì níwájú, yóò sì rí òrìṣà kan tàbí àmì ìṣẹ́gun kan lẹ́yìn. Lẹ́tà ni ó yí orí náà ká, V ni wọ́n sì fi ń kọ U. IMP ni olórí ogun, AVG ni Augustus, COS ni oyè kọ́ńsù, P P sì ni baba ìlú. Èyí tí ó wúlò jù fún olùwádìí ni TR P. Ọdọọdún ni Késárì ń gba agbára tí lẹ́tà yìí dúró fún lákọ̀tun, wọ́n a sì máa kọ iye ìgbà tí ó ti gbà á. Ẹni tí ó bá rí TR P XIII lára owó Késárì kan yóò wo àkójọ ọdún ìjọba Késárì náà, yóò sì mọ ìgbà tí a rọ owó náà.

Ṣùgbọ́n fàdákà inú rẹ̀ kò dúró bákan náà. Ní ìgbà Augustus, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì fàdákà, ó sì wọn nǹkan bí gíráàmù 3.9. Ní ọdún 64 Sànmánì Kristi, Nero dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ó sì fi bàbà kún un. Septimius Severus, ọmọ Áfíríkà tí a bí ní Leptis Magna ní Líbíà òde òní, fi owó kún owó iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun, ó sì sọ denarius di nǹkan bí ìdajì fàdákà. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 270, owó tí ó ti rọ́pò rẹ̀ kò ní tó ìdá kan nínú ogún fàdákà mọ́. Bàbà ni; wọ́n kàn fi fàdákà pa á lára.

Nítorí náà, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ owó Róòmù ni ó wà nínú àpò ìyá àgbà, kò túmọ̀ sí pé ilé ọlá ti kọ́ tán. Denarius tí ó wọ́pọ̀ kì í sábà kọjá ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan lọ́wọ́ àwọn olùkójọ owó àtijọ́, òmíràn kò sì tó bẹ́ẹ̀. Àwọn oníjìbìtì a máa tọ́ka sí owó tí Brutus rọ láti fi yangàn pé òun pa Julius Caesar. Òótọ́ ni pé wọ́n ta ọ̀kan nínú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹwàá 2020 ní iye tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn lọ, ṣùgbọ́n ti wúrà ni, ó sì ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé wọ́n wá rí i pé ayédèrú ni ìtàn ibi tí owó náà ti wá, wọ́n sì dá a padà fún ìjọba Gíríìsì ní 2023.

Kí a wá padà sí ṣílè mẹ́rin àti owó ṣílè méjì tí ọkùnrin náà pè ní owó òyìnbó lásán. Ibẹ̀ gan-an ni ogún wà.

Ṣáájú 1912, owó fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń ná ní Èkó. Bank of British West Africa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894, tí ó sì di First Bank lónìí, ni ó ń kó o wọlé. Fàdákà tí ó wà nínú ṣílè kan kò tó ṣílè kan lójú ọjà ìgbà náà, èrè tí ó sì wà nínú ìyàtọ̀ yìí, ìjọba Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń jẹ ẹ́. Nígbà tí owó tí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń gbà wá pọ̀ kọjá àfẹnusọ, wọ́n dá Àjọ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní 1912 fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Owó tuntun náà jáde ní 1913. Orí Ọba George Karùn-ún wà níwájú rẹ̀, àwọn òyìnbó kò sì jáwọ́ nínú àṣà Róòmù: GEORGIVS ni wọ́n kọ, pẹ̀lú V dípò U, wọ́n sì fi IMP: sí i, nítorí pé ó jẹ́ olú-ọba Índíà. Igi ọ̀pẹ ni ó wà lẹ́yìn ṣílè àti ṣílè méjì. Ewé tí a hun yípo ni ó wà lẹ́yìn tọ́rọ́ àti sísì. Lẹ́tà H kékeré tí ó wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sọ wọ́n di iyebíye. Ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham tí ó rọ wọ́n ni ó dúró fún.

Ojúlówó fàdákà ni àwọn owó wọ̀nyí. Nínú ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, 925 ni fàdákà, ó dára ju ti Maria Theresa lọ. Ṣílè kan wọn gíráàmù 5.65, ṣílè méjì wọn 11.3, sísì wọn 2.8, tọ́rọ́ sì wọn 1.4.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ni ọ̀rọ̀ yí padà. Fàdákà gbówó lórí débi pé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1920, fàdákà inú ṣílè kan ju ṣílè kan lọ. Ẹni tí ó bá yọ́ owó a jèrè ju ẹni tí ó ná an lọ. Lọ́ńdọ̀nù dín fàdákà owó tirẹ̀ kù sí ìdajì ní ọdún náà. Àjọ Owó ní tirẹ̀ yọ fàdákà kúrò pátápátá, ó sì ń rọ tọ́rọ́, sísì àti ṣílè láti inú àdàlù aláwọ̀ idẹ tí bàbà pọ̀ jù nínú rẹ̀. Orí ọba kan náà, igi ọ̀pẹ kan náà, iye kan náà. Ohun tí àwọn Késárì fi igba ọdún ṣe díẹ̀díẹ̀, Àjọ náà ṣe é láàárín ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni ó ń gba owó fàdákà padà kúrò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, tí ó sì ń fi aláwọ̀ idẹ rọ́pò rẹ̀. Obìnrin ọlọ́jà tí kò ka ìwé kan, ṣùgbọ́n tí ó ń ná èyí tí ó pọ́n, tí ó sì ń di èyí tí ó funfun sínú àkísà, mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ọdún 1920 ni kí ènìyàn ṣọ́ra fún, nítorí pé ti fàdákà wà nínú ti ọdún náà, ti idẹ náà sì wà. Àwọ̀ ni a fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀, pàápàá jù lọ ní etí owó, níbi tí ìdọ̀tí kì í ti í lè bo gbogbo rẹ̀. Ṣílè pípọ́n inú àpò ìyá Ìlọrin ní lẹ́tà KN lára, ti ilé iṣẹ́ King's Norton, ọdún 1920 ni ó sì wà lára rẹ̀; kò sí fàdákà nínú rẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo ohun funfun ni fàdákà. Tọ́rọ́ funfun náà, ti Ọba George Kẹfà ni, ọdún 1947 ni wọ́n rọ ọ́, àdàlù bàbà àti níkẹ́lì sì ni. Ṣílè tí orí Ọbabìnrin Elizabeth wà lára rẹ̀ jẹ́ ti 1959, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ ní owó onírin tirẹ̀. Òun ni ó ń dán jù nínú gbogbo wọn, òun ni àwọn ọmọ ilé kọ́kọ́ ń jà sí, ṣùgbọ́n àdàlù bàbà àti níkẹ́lì ni òun náà.

Ìdánwò tí ènìyàn lè ṣe nínú ilé kò ṣòro. Irin òòfà kì í fa fàdákà. Owó tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n irin òòfà kì í fa idẹ náà, nítorí náà àìlẹ̀mọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Òṣùwọ̀n oníwúrà ni ó ń sọ òótọ́. Ṣílè mẹ́rin àti owó ṣílè méjì náà, bí wọn kò bá jẹ jù, yóò wọn gíráàmù 33.9 lápapọ̀. Bí a bá fi òwú so wọ́n kọ́ lára òṣùwọ̀n, tí a sì rì wọ́n sínú omi láìjẹ́ kí wọ́n kan ìdí ife, wọn yóò fúyẹ́ sí i ní nǹkan bí gíráàmù 3.3. Bí ó bá jẹ́ bàbà àti níkẹ́lì ni wọ́n, ohun tí wọn yóò fi fúyẹ́ yóò tó 3.8. Omi kò mọ àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ohun kan tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ kí òṣùwọ̀n tó dé ni kí ẹnì kan nínú ilé fi eérú, yanrìn tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ bo owó náà kí ó lè dán. Dúdú tí fàdákà dú kì í ṣe àrùn; ọjọ́ orí rẹ̀ ni. Àwọn olùkójọ owó àtijọ́ mọ ojú tí wọ́n fi ń wo èyí tí a ti họ lára, iye tí wọ́n sì ń dá lé e kì í ju ti fàdákà yíyọ́ lọ.

Ní ti iye, ìṣirò rẹ̀ kò pọ̀. Fàdákà tí ó wà nínú ṣílè mẹ́fà lé díẹ̀ ní gíráàmù 31, ìyẹn áúńsì kan. Kí olówó béèrè iye tí áúńsì fàdákà kan jẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ó sọ ọ́ di náírà, kí ó sì yọ díẹ̀ fún èrè ẹni tí yóò rà á. Iye yẹn ni ìpìlẹ̀. Kò yẹ kí ó gbà kí ó dín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tí ojú rẹ̀ kò jẹ rárá, tí a lè ka gbogbo lẹ́tà rẹ̀, tí a sì rí ìlà ewé ọ̀pẹ rẹ̀ kedere, lè ju ìpìlẹ̀ yìí lọ lọ́nà púpọ̀, amòye ni ó sì yẹ kí ó sọ iye rẹ̀. Báńkì kò ní gba èyíkéyìí nínú wọn bí owó níná mọ́.

Abuja kan náà ni ibi tí a ti lè béèrè wà. Olú ilé iṣẹ́ Àjọ Tí Ń Ṣàbójútó Àwọn Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí Orílẹ̀-èdè wà níbẹ̀, Báńkì Àpapọ̀ sì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó dá lórí ìtàn owó. Òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin ti ọdún 1979 kà á léèwọ̀ kí a kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde kúrò ní ilẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ. Kí ẹnikẹ́ni tó fi owó àtijọ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà òkè òkun, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Àjọ náà bóyá òfin mú tirẹ̀. Níbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò béèrè owó ìwé-ẹ̀rí Késárì.

Bí òṣìṣẹ́ inú àpẹẹrẹ wa bá ṣe ìṣirò tirẹ̀, áúńsì kan ni ó wà nínú ohun tí ọkùnrin yẹn fẹ́ fi iye táṣẹ́rẹ́ kó lọ; ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin áúńsì ni ó wà nínú èyí tí ó pè ní ti Róòmù. Kí ó sì tó di wọ́n padà, kí ó mú bébà kan, kí ó kọ orúkọ ìyá náà sí i, ọjà tí ó ń tà, àwọn ìlú tí ó ná, àti ọdún tí a pín ogún náà ní Ìlọrin, kí ó ká a, kí ó sì fi sínú àkísà náà pẹ̀lú wọn.